Gọ́ọ̀mù Kò Tíì Gbẹ

Hindatu kó ìwé méje wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Samaru,
ẹ̀yìn gbogbo wọn ti ya,
ewé ń jábọ́ bíi ti igi dóńgóyárò lásìkò ọyẹ́.
"Bàbá, ẹ bá mi dì wọ́n kí ó le.
Ẹrù ìyàwó ni."
Mo ṣebí àwàdà ni.

Mo ṣí ìkeje, tó wà lókè pátápátá,
láti ọwọ́ òsì, bí a ṣe ń ṣíwèé.
Mo bá ìyá arúgbó kan níbi tó ti ń sìnkú ọkọ rẹ̀.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí.
"Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á, bíi wàláà."
Mo yí i padà.
Opó di ìyàwó.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń di ìwé:
iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
lórí àgbàdo, lórí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà,
n kò ka ọ̀kan rí kọjá ojú ewé ìdúpẹ́.
Ṣùgbọ́n èyí, àwòrán ni gbogbo rẹ̀,
láti ilẹ̀ Japáànù,
ìtàn àwọn ìyàwó ayé àtijọ́
ní ilẹ̀ òkè àti iyanrìn kan
tí wọ́n ti ń gun ràkúnmí lọ ilé ọkọ.
Ẹni tó yà á kò fi òwú kan pamọ́.
Bí abẹ́rẹ́ bá wọnú aṣọ, ó yà á,
bó bá jáde, ó yà á.
Mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó kan,
mo kà á dé igba ó lé mẹ́rìnlá,
iná lọ.

Mo bá kó wọn relé.
Èmi àti Ojúọlápé tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lórí ẹní.
Dúdú àti funfun ni, kò sí àwọ̀ níbẹ̀,
ìjà sì dé.
"Aró ni wọ́n fi pa ìbòrí yìí."
"Pupa ni. Pupa bí osùn."
"Ṣé o fojú rí i ni?"
"Ìwọ ńkọ́?"
A ò sùn títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.

Nínú ìkẹrin, ìyàwó kan gbé àkùkọ sábẹ́ ìbòrí
sọdá odò tó ti di yìnyín,
torí ìyá rẹ̀ ní, ilé tí kò bá lákùkọ,
ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè mọ́.
Nínú ìkarùn-ún, ojú ewé méjì gbáko
láìsí ọ̀rọ̀ kankan:
ìyàwó kẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀,
ẹnì kan sì ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní.
Ojúọlápé gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.
"Ó ń sunkún."
Mo ní wọn ò ya ojú rẹ̀.
Ó ní, "Wo èjìká."

Aya mi kò sun ẹkún ìyàwó.
Lẹ́tà ni mo fi pè é, réluwéè ló gbé e wá láti Ọ̀fà
pẹ̀lú àpótí páànù kan,
ọjọ́ kejì a ti wà ní kóòtù.
Ìyá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ, èyí tó gùn,
tí a fi ń dágbére fún àmù àti fún àbúrò.
Ta ni kó sun ún fún, akọ̀wé kóòtù?
Lóru ọjọ́ yẹn ó sun díẹ̀, jẹ́jẹ́, sétí ìwé:
ẹ má tètè gbálẹ̀ o,
ẹ jẹ́ kí ipasẹ̀ mi sùn mọ́jú.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo ní bátìrì ti wọ́n jù.

Hindatu dé lọ́jọ́ Àtàláátà.
Mo ní gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ.
Nínú ọyẹ́ yìí,
tí ń gbẹ ètè ènìyàn kó tó ṣe àmín!
Ó tún dé lọ́jọ́ Àlàmísì, ó wò mí.
"Bàbá, ọ̀la kọ́, ọ̀tunla ni wọ́n ń gbé mi lọ Gusau.
Ibo lẹ kà á dé?"
Mo ní, "Ìkẹfà."
Ó fà àga, ó jókòó.

Aṣọ dúdú ni mo fi lẹ ẹ̀yìn mẹ́fà.
Ti ìkeje, Ojúọlápé gé etí ìborùn rẹ̀ fún mi.
Pupa ni. N kò jiyàn.
Mo kà á títí ó fi ku ewé kan,
mo sì pa á dé.
Mo ti mọ ẹni tó wà lápá òsì.