Asẹ́ Arákanga

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi sẹ́ Odò Ògùn.
Omi á dé Arákanga tòun ti ẹrẹ̀, ewé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà;
á da álọ́ọ̀mù sí i, á dúró kó tòrò,
á tì í gba inú iyanrìn kọjá
kí Ìbarà àti Ìjemọ̀ tó bu mu.
Ṣówẹ̀mímọ́ lorúkọ rẹ̀.
A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ bá orúkọ mu.

Ọjọ́bọ̀ lónìí, ọsibítù Ìdí-Àbá, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà wọ ẹ̀rọ lọ,
ó ń gba rọ́bà mìíràn padà wálé.
Wákàtí mẹ́rin.
Nọ́ọ̀sì Mọrádékẹ́ ní kí n má wo abẹ́rẹ́.

Mo ní, Bàbá, kí ni iwe ń ṣe gan-an?
Ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó ka ìwé, o ò mọ iwe."

Ó wá ń ṣàlàyé bí ẹni mú àlejò yí ọgbà iṣẹ́ ká.
Ọkàn lẹ́ńjìnnì. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde,
ìdá kan nínú márùn-ún á yà sí ìbàdí,
sínú nǹkan méjì tí kò ju ìkúùkù lọ.
Iṣan á là, á tún là, á tín-ín-rín ju irun,
á ká jọ bí òwú tọ́mọdé lọ́ pọ̀.
Asẹ́ nìyẹn, bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ nínú ẹyọ kan.
Ẹ̀jẹ̀ pupa tóbi ju ojú rẹ̀.
Omi gbà, iyọ̀ gbà, ṣúgà gbà, ìdọ̀tí náà gbà.

"Ṣùgbọ́n ibi tó yà mí lẹ́nu nìyí.
Tiwa ní Arákanga, ohun tó bá dànù ti dànù.
Iwe á kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀,
á wá máa ṣà á bí ìyá rẹ ti ń ṣa ẹ̀wà:
ṣúgà, padà. Omi, padà, padà.
Garawa mẹ́sàn-án lójúmọ́,
ìtọ̀ tó jáde kò kún jọ́ọ̀gì."

Ẹ̀rọ ń dún.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba tèmi jẹ́.
Bí odò bá ń ti iyanrìn jù, iyanrìn á là.
Mo mọ̀ ọ́n fún odò."

Ó tọrọ omi. Ife kékeré ni dókítà fi mọ fún un.
Kò mu ún. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé,
ó dijú kan, ó wò ó pẹ́.
"Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí?"