Fọ́ọ̀mù Kò Béèrè Kànga

Orúkọ bàbá, ó béèrè. Orúkọ ìyá, ó béèrè.
Ọjọ́ ìbí, ìlú, ìjọba ìbílẹ̀.
Máàkì Jámbù mi, àpótí mẹ́ta ló là sílẹ̀ fún un,
àpótí kan fún nọ́ńbà kan.
Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn,
mi ò rí ibi tó ti béèrè kànga.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹ̀lé Dókítà Adégbìtẹ́
láti Ọjà-Ìgbó títí dé ẹ̀yìn Arówómọlé,
oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lórí wa bí ẹni jẹ ẹ́ ní gbèsè,
èmi àti okùn, páànù funfun, ìwé àkọsílẹ̀.
Kànga ogójì, gbogbo Ọjọ́bọ̀.
Ọmọ ẹ̀fọn là ń kà.
Bí mo bá da omi sí páànù,
wọn a máa jà rànyìn
bí àmì ohùn tó já bọ́ lórí ọ̀rọ̀,
mo ní láti kà wọ́n kí wọ́n tó rì.

Oyèkànmí ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Ìṣègùn lo ní o fẹ́ kọ́, kòkòrò lò ń kà.
Ta ni yóò torí ọmọ ẹ̀fọn mú ọ wọ fásitì?"
Kí ni mo fẹ́ wí? Àyándọ́kun tí a jọ jókòó ní kíláàsì
kò ka nǹkan kan rí ju ìwé lọ.
Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló gbà.
Ó ti ń wọ aṣọ funfun láti èṣí.
Tèmi, igba ó lé mọ́kàndínlógójì.
Kànga ogójì kò lè fi ẹyọ kan kún un.

Ṣùgbọ́n kànga kẹtàdínlógún,
ti Ìyá Morádékẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò.
Dókítà ti ní níbẹ̀ ni wọn yóò pọ̀ sí jù.
Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò sí.
Mo fà á lẹ́ẹ̀kẹwàá, òdo.
Bírò wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń wò mí
àfi ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo máńgòrò.
Mẹ́ta ló wù mí kí n kọ.
Mẹ́ta kò pọ̀. Mẹ́ta á dùn mọ́ ọ̀gá nínú.
Mo kọ òdo,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ti olè.

Dókítà wò ó títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Mi ò mọ ìdí ẹ̀," ló wí.
Àgbàlagbà tí oyè rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ
ní òun ò mọ̀, ojú ò sì tì í.
Ẹni tó tọ́jú bàbá mi, ó mọ̀.
Kó tó jókòó ló ti ní ibà ni.
Ibà kọ́.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n jẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tábìlì.
Ọ̀kan ní, "Ìwádìí tí o ní o ṣe, kí lo rí?"
Mo ní, "Mọ́kàndínlógójì ní ẹ̀fọn. Ọ̀kan kò ní.
Ti ọ̀kan yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn."
Obìnrin àárín kọ nǹkan sílẹ̀.
Mi ò mọ̀ bóyá òdo ni.

Orúkọ kò tíì jáde. Ọjọ́bọ̀ tún dé.
Ìyá Morádékẹ́ bá mi lẹ́nu kànga:
"Wọ́n ti mú ọ?"
"Wọn ò tíì mú mi, Mà."
"Omi yìí náà kẹ̀, kí lẹ ń wá níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"
Mo sọ fún un.
Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹja àrọ̀ kan ń bẹ nísàlẹ̀ ibẹ̀,
èmi ni mo jù ú sí i, ó ti lọ́dún mẹ́ta.
Ó ń jẹ wọ́n ni.
Ẹ ò kúkú bi mí."