Fìlà Pupa

Ọdún mọ́kànlélógójì ti ṣàn kọjá lábẹ́ afárá odò Kemi,
omi ti dì, ó ti yọ́, ó tún ti dì,
síbẹ̀ kí Rauno àbúrò mi tó wọ ẹ̀wù òtútù
á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ ìbòrí rẹ̀, á tú u wò,
bóyá ẹnì kan ti fi orí ẹja síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan síbẹ̀.
Òun nìkan ló ń gbé ilé náà.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ́ńjìnnì
ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín lójú òkun ṣe,
irin tó wúwo ju agbo màlúù lọ, kò bẹ̀rù rẹ̀.
Ṣùgbọ́n kí ọmọdé mẹ́ta rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì,
etí rẹ̀ á gbóná,
á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ,
á fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú òjò dídì.
"Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ nà," ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn.

Tó bá ń jẹun, apá òsì rẹ̀ á yí àwo ká bí ọgbà.
Ó fẹ́ ìyàwó rí. Marketta, obìnrin jẹ́jẹ́.
Ó ní, "Tí mo bá yìn ín, ńṣe ló ń wẹ̀yìn,
bíi pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí."
Ọdún mẹ́fà ló fi fara dà á.

Bàbá wa ò ràn án lọ́wọ́. Bàbá wa gbà pé
ààké ni wọ́n fi ń tọ́ igi tó bá fẹ́ wọ́.
Ọjọ́ tó bá sunkún wálé láti ilé ìwé,
inú ahéré igi ìdáná ló ń sùn.
Mò ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lára pákó.
Mo fi ìrọ̀rí bo etí.

Wọ́n ní ojú àpá ò jọ ojú ara.
Àpá tiẹ̀ dà?
Dókítà wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, àyà rẹ̀ le.
Ẹ̀rọ wo ló máa rí ibi tí orúkọ ìnagijẹ sá sí?

Lóṣù tó kọjá, nílé epo,
Veijo jáde látinú mọ́tò, irun ti funfun, ikùn ti yọ,
ó gbá a léjìká: "Òkú-Ẹja! O ṣì wà láyé?
Ìgbà yẹn mà dùn o! Eré ọmọdé!"
Tinútinú ló fi ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó dáadáa.
Ẹni tó ṣu ti gbàgbé, kò purọ́.
Rauno náà rẹ́rìn-ín.
Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

A padà sínú mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé.
Ọwọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀
ń wá ojú ihò kékeré bí afọ́jú.
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tan mọ́tò.

Mo ní, Rauno, ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ lulẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé,
tí wọ́n ń ki yìnyín bọ̀ ọ́ lẹ́nu
bí ẹni ń ki òwú bọ ìrọ̀rí,
èmi àti Sisko kọjá.
Sisko bi mí, "Àbúrò rẹ kọ́ nìyẹn?"
Mo ní rárá.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí.

Èémí wa ti bo gíláàsì.
"Mo mọ̀," ó ní. "Fìlà pupa lo dé.
Òun ni mo tẹjú mọ́.
Mo ní, tó bá dé ìdí òpó iná, á yíjú padà.
Mo ní, tó bá dé ẹnu géètì, á yíjú padà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó gba kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé.
Ó rọra wà wá lọ sílé,
ó ń wo dígí ẹ̀yìn, ó ń wò ó ṣáá,
bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ṣófo lẹ́yìn wa.