Òkè Coniston, Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Fadérera ló ń wakọ̀.
Èmi tí mo kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà l'Ábẹ́òkúta,
ẹsẹ̀ mi ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.
Jíà kìíní. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ha òkúta bí èékánná.

Àgùntàn kan dúró láàrin ọ̀nà,
ó jẹ ti ẹnu rẹ̀ tán kó tó yà fún wa.

“Bàbá, ẹ lajú!”
Mo lajú: adágún omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún,
kékeré, bí awo tánganran tí ẹnìkan gbàgbé sínú òjò.

Odò mẹ́ta la là kọjá. Mo kà wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀nà yípo,
ó dá wa padà sẹ́nu géètì àárọ̀.
Mo sọ̀ kalẹ̀ láti tì í.
Orúnkún mi ń gbọ̀n.
Mo bi í pé: “Epo ṣì kù?”