Ìṣó Nínú Táyà

Reino fi àtàńpàkò tẹ rọ́bà náà,
ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò.
Ó rọ̀ bí etí ọmọdé.
Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi,
òtútù Timmins ti sọ ọ́ di òkúta.

Mo wo ojú wọn lórí pẹpẹ:
ọ̀kan kọ pélé fẹ́rẹ́,
bí ẹni pé iṣẹ́ sú olóòlà;
èkejì bu àbàjà tó jìn,
mo ki ẹyọ owó bọ̀ ọ́, ó gbé e mì dé àárín.
Yìnyín kì í bẹ̀rù ojú tó ń dán.

Ṣùgbọ́n ìṣó ló yà mí lẹ́nu.
Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi a máa sọ̀ kalẹ̀
ṣa ìṣó kúrò lójú ọ̀nà,
á máa ṣépè fún káfíńtà tí kò mọ̀ rí.
Níhìn-ín, owó ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n
kí wọ́n kan ìṣó mọ́ táyà tuntun.

Mẹ́rin ni mo rà, owó ilé oṣù kan.
Mo ní kó jẹ́ méjì; Reino mi orí:
ẹ̀yìn lè tì ọ́, iwájú ni yóò yà fún ọ.

Láàárọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀
lórí yìnyín tó ń kọ mọ̀nà bíi dígí,
kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.
Bàbá, ẹ má bínú:
ìṣó ló gbé mi délé.