Ẹja Abẹ́ Àpáàdì

Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi kékeré lọ.
Kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri; ìdí omi ló jókòó sí
bí èrò rélùwéè tó ti pẹ́ ní ibùdó,
ojú méjèèjì ní àtàrí, ó ń wò mí.

“Ṣé kì í ṣe inú Ọ̀ṣun lo ti gbọ́n ọn?”
Ìyá Àjíkẹ́ ló ń bèèrè, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí.
Rárá o. Ta ni yóò dán an wò nílùú yìí?
Inú ọ̀rá ni wọ́n bá dé láti Èkó,
mẹ́rin; ọ̀kan kú lọ́nà Ìwó.

Ṣùbúọlá ní, “Ẹja tí kò ṣe é fi se ọbẹ̀!”
Òun náà ló sì wá àpáàdì ìkòkò aró ìyá rẹ̀ fún mi.
Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́, títí omi fi gbàgbé aró.
Akọ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ,
ara rẹ̀ ṣú, àfi bí ẹni pé aró ṣẹ́kù.

Ẹyin lẹ̀ mọ́ àjà.
Ó ń fi lẹbẹ́ fẹ́ wọn tọ̀sán tòru.
Kò jẹun. Kò jáde.
Èmi, ọjọ́ tí wọ́n bí Gbọ́lágadé, Ọ̀fà ni mo wà,
mò ń gbé àsíá sókè fún ọkọ̀ tí kò gbé mi wálé.

Lálẹ́ àná, Nẹ́pà mú iná ní Òkè-Fìà.
Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dákẹ́.
Mo fa àga, mo mú ife páànù,
mò ń bu omi, mò ń dà á padà láti òkè kí ó lè hó,
títí àkùkọ fi kọ.
Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan,
ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.