Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Kankéré Bò

Mátórì ni mo ti rí ilé-iṣẹ́ náà,
lẹ́yìn òpópó tí wọ́n ti ń ta irin ọkọ̀ àlòkù.
Géètì aláwọ̀ ewé, òrùlé tó ga bí ilé ìjọsìn.
Mo ti fojú inú gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ síbẹ̀:
ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kékeré méjì níbi fèrèsé.
Ọ̀gbẹ́ni Fásanyà tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ta ọsàn.
"Ẹ má pẹ́ o. Ará Òjòtá kan ti gbówó dání."

Lọ́yà mi lọ sí Aláùsá, ó yẹ ìwé wò.
Kò sí gbèsè, kò sí ẹjọ́, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó ń pariwo.
"Ó mọ́ bí omi òjò," ló wí.
Ṣùgbọ́n ìwé kò ní imú.

Bàbá Kàsúmù, olùṣọ́ ẹnu géètì,
mo bá a tó ń fi píọ̀-wọ́tà ṣàlùwàlá.
Kànga sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdérí rẹ̀ dí pa.
Mo ní, "Bàbá, ṣé kànga yìí ti gbẹ ni?"
"Kò gbẹ." Ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà.
"Bátìrì ni wọ́n ń ṣe níbí nígbà kan.
Omi ásíìdì, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń dà á sí nírọ̀lẹ́.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbìn hù, ewé rẹ̀ pọ́n, ó kú kó tó so.
Kankéré tí ẹ ń wò lọ́hùn-ún yẹn, oṣù tó kọjá ni."
Ó dákẹ́.
"Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Mo pe Ìbíwùnmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń yẹ ilẹ̀ wò bí dókítà ṣe ń yẹ aláìsàn wò.
Fásanyà ní kí ló dé, ṣé iṣu la fẹ́ gbìn ni?
Mo ní rárá, èèyàn mẹ́rìnlá ni yóò máa mí níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Ó gbẹ́ ihò mẹ́fà. Ó lu kankéré tuntun náà.
Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
irin ni wọ́n fi yẹrí tìrẹ ní Mátórì,
orí ọ̀hún dúdú, ó ń rùn bí kọ́bọ̀ tó pẹ́ lẹ́nu ọmọdé.
Ìbíwùnmí bù ú sínú ìgò, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára,
ó tò wọ́n sínú kúlà oníyìnyín bí ẹni ń gbé ẹja relé.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Owó àyẹ̀wò náà dùn mí, n kò ní purọ́:
iye tí mo fi ń ra bébà oṣù kan.
Èsì dé. Òjé wà nínú ihò mẹ́rin, ó wà nínú kànga.
Tabẹ́ kankéré kò ṣeé fẹnu sọ.
"Bùrọ̀dá, ẹni tó bá rà á ra eléyìí mọ́ ọn.
Gbèsè ilẹ̀ kì í bá ajigbèsè kó jáde,
ńṣe ló ń dúró de onílé tuntun."

Fásanyà bínú. Lẹ́yìn náà ló já owó sí ìdajì.
Ìdajì! Ọkàn mi fà síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí.
Mo ní: ta ni yóò kó erùpẹ̀ náà? Ibo ni yóò kó o lọ?
Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà kí n tó fọwọ́ sí i.
Fóònù dákẹ́.

Ó ti tà á. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́bọ̀,
wọ́n ń kun géètì ní búlúù.
Bàbá Kàsúmù juwọ́ sí mi, píọ̀-wọ́tà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo kọ nọ́ńbà Ìbíwùnmí sẹ́yìn káàdì ìkésíni kan,
mo fún ọmọkùnrin tó ń kunlé, mo ní kó fún ọ̀gá rẹ̀.
N kò mọ̀ bóyá ó fún un.